Ìkòkò Tó Ń Ṣiṣẹ́ Òru

Ọdún méjì gbáko ló fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
nínú páálí tí Ìbíwùmí fi rán an wá láti òkè òkun.
A kò tilẹ̀ já sẹ́lótéèpù ara rẹ̀.
Mo ní: ìkòkò tó ń fi wákàtí mẹ́jọ se ẹ̀wà,
ní Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fọkàn tán iná?
Ọmọ yìí ti gbàgbé Ìbàdàn.

Ìgbà tí owó gáàsì gòkè tí kò sọ̀ mọ́,
tí sílíńdà tó ń gbé wa dé òpin oṣù
ń kú lọ́jọ́ kejìdínlógún,
ni mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì,
mo fi igi ìgbálẹ̀ wọ́ páálí náà jáde.
Eruku bò ó. Aáyán méjì sá.

Iṣẹ́ mítà ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì,
mítà omi, láti Jẹ́ríkò dé Ìdí-Iṣin,
ìwé lábẹ́ abíyá, bírò létí.
Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé nǹkan kan kì í jẹ iná.
Mo gbé àga síwájú mítà,
mo ka nọ́ńbà kí ìkòkò tó bẹ̀rẹ̀,
mo tún un kà nígbà tí ilẹ̀ mọ́:
òru kan, yúníìtì kan àti ààbọ̀ péré!
Mo pe Alàgbà Fátókun kó wá bá mi wò ó.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní:
"Àbí mítà yín ti bàjẹ́ ni?"

Kí n má purọ́, ìkejì dójú tì mí.
Nẹ́pà mú iná lọ láago kan òru, mo ń hanrun.
Nígbà tí mo fi máa jí, ẹ̀wà ti kan, ó ń yọ fóòmù bí ọṣẹ.
Ewúrẹ́ Ìyá Sàbítíù gbóòórùn rẹ̀,
ó yí imú padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwẹ̀ró ló kọ́ mi. Nọ́ọ̀sì ni, ní Adéọ̀yọ́,
òru ló ń ṣiṣẹ́.
Ó ní: "Ṣé wọ́n máa ń ṣí aṣọ lára ẹni tí òtútù ń mú?"
Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yọ,
èyí tí a fi gbé Ìbíwùmí wálé láti ilé ìgbẹ̀bí.
Bí iná bá lọ báyìí, mo jí, mo wé ìkòkò lọ́rùn dé ìdí;
bí iná bá dé, mo tú u.
Ẹ̀wà ń kọ́kọ́ hó kíkankíkan lórí gáàsì
fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tó wọlé síbẹ̀.
Omi díẹ̀ náà ni; ooru tó bá fẹ́ sá jáde,
ìdérí á dá a padà sílé.
N kì í ṣí i wò mọ́.
Ìyọjúwò kan, ìdajì wákàtí ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹ wá wo bókótó tó le bí bàtà sọ́jà,
àti àgbà adìyẹ tó yé ẹyin títí ó fi sú u,
èyí tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó l'Ójé
nítorí eyín ènìyàn ò ràn án:
òwúrọ̀ á mọ́, egungun nìkan ló kù tó lágídí.

Aago méje ku díẹ̀, géètì dún.
Àwẹ̀ró wọlé, bàtà funfun lọ́wọ́,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú.
Ó ṣí ìdérí, ooru bo awò ojú rẹ̀,
kò nù ún, ó kàn dúró bẹ́ẹ̀.
Àwọn méjèèjì tí kò fojú kan oorun
ń mí sí ara wọn lójú.

"Mélòó ló jẹ lóru àná?"
Mo ní yúníìtì kan, ó lé díẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó wùyà:
"Ẹ wá ka tèmi náà."

Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan mi.
Mo wò ó títí.
Ogójì ọdún tí mo fi ń ka mítà,
n kò rí nọ́ńbà kankan níbẹ̀.